Àwọn Tí Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe: Láti Ọ̀nà Ọ̀yọ́ Dé Ìlúpéjú

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù lọ láti rìn gba Ìlúpéjú lọ sí apá Ládìpọ̀ ní Múṣin. Kí àriwo ọjà tó gba gbogbo ojú ọ̀nà, etí ènìyàn a máa gbọ́ ìró òòlù lórí páànù, igbe ẹ̀ńjìnnì tí a ń dán wò, àti ohùn ọ̀gá tí ń pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó mú sípánà wá. Níhìn-ín ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti kú sí ọ̀nà Ṣàgámù ti ń jí. Níhìn-ín ni a ti ń rí gíà àti rádíétọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Jámánì tàbí ní Jàpáànù, tí ó sì tún ń dúró de ọ̀gá tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, wọn a sì máa ká aṣọ wọn sókè kí epo má baà ta sí i. Wọn kò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ń gbà kọjá, ilé ẹ̀kọ́ tí ìtàn rẹ̀ ti wà kí a tó dá yunifásítì kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Nínú ìwé ìtàn, a máa ń ka orúkọ gómìnà tí ó la ọ̀nà, a sì máa ń ka orúkọ ọlọ́rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò náà nínú ẹrẹ̀, ní ọjọ́ tí ó kọ̀ tí kò lọ mọ́, a kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rírà jẹ́ ti ẹni tí ó lówó, títún ṣe sì jẹ́ ti ẹni tí ó lóye. Ohun tí a bá rà tí a kò lè tún ṣe, bí ẹni yá a lò ni, ìbáà jẹ́ owó wa ni a fi rà á.

Kí mọ́tò tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀ wa. Nínú igbó ilẹ̀ wa, eṣinṣin kan wà tí ń pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà a kò lè fi ẹran fa kẹ̀kẹ́ ẹrù bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn alárù ni ń ru epo pupa àti èkùrọ́ dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e dé Èkó. Ṣùgbọ́n a ní alágbẹ̀dẹ. Ó mọ iná, ó mọ ewìrì, ó mọ òòlù. Ojú rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà irin láti Èkó ní ọdún 1896, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù March ọdún 1901, ohun tuntun wọlé tọ̀ wá. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà, níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, àwọn ọmọ wa rí i pé irin tí ó bá fi ìwọ̀n irun orí kan tóbi ju bí ó ti yẹ lọ kì yóò wọ ihò rẹ̀. Ojú nìkan kò tó mọ́; a ní láti wọ̀n irin náà, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà kúrò lójú irin rẹ̀ lọ bá àgbẹ̀ nínú oko. Nítorí náà, ní ọdún 1906, ní àkókò Gómìnà Walter Egerton, a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ó lé ní ọgbọ̀n máìlì, ìjọba sì fi mọ́tò akẹ́rù sí i. Èrò wọn ni pé ọ̀nà mọ́tò yóò máa bọ́ ọ̀nà irin, bí odò kékeré ti ń ṣàn wọ inú odò ńlá. Wọn kò mọ̀ pé odò kékeré yìí yóò kún bo odò ńlá mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ iwájú.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa fi dá ọwọ́ lé e. W. A. Dáwódù, ọmọ Èkó, wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú wa tí ó sọ mọ́tò di òwò. Kí ọdún 1920 tó parí, ó ti ń kó mọ́tò wọlé láti òkè òkun, ó ń tà á, ó sì ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbájé, oníṣòwò ńlá, ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní mọ́tò tirẹ̀ ní ìlú náà, ní ọdún 1915, òun pẹ̀lú sì fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Dáwódù ṣe: kò ya títà nípa sí títún ṣe. Ẹni tí ó bá ta mọ́tò fún ènìyàn níbi tí kò sí atúnṣe, ẹrù ìbànújẹ́ ni ó tà fún un.

Mọ́tò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé ìgbà náà ni Ford tí a ń pè ní Model T, èyí tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1908 títí di ọdún 1927, tí iye rẹ̀ fi tó 15,000,000. Agbára rẹ̀ kò ju ti ogún ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ga sókè, kùkùté àti òkúta ọ̀nà oko kò sì rọrùn láti dá a dúró. Ohun tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni pé olóye ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ti ń ṣiṣẹ́. A lè mú un láìní ohun tí ń ti omi kiri nínú rẹ̀: omi gbígbóná a gòkè lọ sínú rádíétọ̀, omi tí ó ti tutù a sì sọ̀kalẹ̀ padà sí ẹ̀ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí omi inú ìkòkò ti ń yí nígbà tí ó bá ń hó. Irin kan tí ó ní ẹ̀wù ni a fi ń yí i níwájú kí ó tó jí. Bí awakọ̀ bá sì gbàgbé láti dá iná rẹ̀ padà sẹ́yìn kí ó tó yí i, irin náà a ta padà, a sì dá a ní ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ara ìrora bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ní òfin, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ta ni ó kọ́ àwọn ènìyàn wa ní iṣẹ́ yìí? Díẹ̀ nínú wọn kọ́ ọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti ọ̀nà irin, díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ láti ayébáyé. Bàbá a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a ṣe àdéhùn iye ọdún tí yóò lò, ọmọ náà a sì máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá bí ọmọ ilé. Ní ọdún kìíní, kì yóò ṣe ju pé kí ó gbálẹ̀, kí ó sì fi epo fọ irin. Ṣùgbọ́n fífọ irin yìí ni álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti fọ gíà nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní í ṣì í mú nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni yóò máa na irin sí ọ̀gá, yóò máa tú, yóò máa dè, títí di ọjọ́ òmìnira rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú ẹbí, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ kan ṣe di ọ̀gá, tí òun náà sì kọ́ àwọn mìíràn, láìsí ìwé, láìsí ìdánwò, láìsí owó ìjọba.

Nígbà tí kòkó mú owó wọ ilẹ̀ wa, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Láti ọdún 1931 ni a ti ń ṣe ọkọ̀ Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí ó fi di ọkọ̀ gbogbo ayé lójú ọ̀nà wa. Ìdí ọkọ̀ náà, ẹ̀ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, ni a sábà máa ń kó wá láti òkè òkun. Káfíńtà wa ni ń fi pákó kan ilé sí i lórí, akunlé a sì fi ọ̀dà kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Èyí ni bọ́lẹ̀kájà tí àwọn àgbà ń rántí títí di òní. Nígbà tí ogun dé ní ọdún 1939, bẹntiróòlù di ohun tí a ń fi òṣùwọ̀n pín. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànù sì gba ilẹ̀ Màláyà ní ọdún 1942, ibi tí púpọ̀ nínú rọ́bà ayé ti ń wá, táyà di ọ̀wọ́n. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ní owó ni ó ní ọkọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ògbólógbòó ọkọ̀ yóò fi máa lọ.

Kí a lè mọ iye tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí tó, ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ wa, kí a wo ibi tí a ti kó ẹ̀rọ lọ láìronú kan atúnṣe. Lẹ́yìn ogun náà, òróró di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba wọn sì pinnu láti gbin ẹ̀pà sí oko ńláńlá ní Tanganyika, ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Kongwa ní ọdún 1947. Wọ́n kó ògbólógbòó katakata tí àwọn ọmọ ogun ti lò jọ, wọ́n tilẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun onírin di katakata. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ le bí òkúta, gbòǹgbò igi ńlá ń ṣẹ́ irin, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò sí nítòsí, àwọn atúnṣe tí ó mọ iṣẹ́ kò sì tó. Kí ọdún 1947 náà tó parí, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn katakata náà ni kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 1951 ni wọ́n pa iṣẹ́ náà tì, lẹ́yìn tí nǹkan bí £36,000,000 ti ṣòfò. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá, a bẹ̀rẹ̀ irú oko katakata bẹ́ẹ̀ ní Mokwa, ní ilẹ̀ Nupe, ní ọdún 1949; ó kú ní ọdún 1954. Òun náà ní ìyọnu kùkùté àti ti ẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn ìyọnu mìíràn.

Ẹ fi èyí wé bọ́lẹ̀kájà. Ìjọba tí ó lówó púpọ̀ kò lè mú kí katakata rẹ̀ máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ju sípánà díẹ̀ àti wáyà lọ mú kí ọkọ̀ kòkó dé Èkó láti inú igbó Oǹdó. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ oko líle yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan ga ju gbogbo ìyókù lọ: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa, atúnṣe ń gbé níbi tí ọkọ̀ ti ń bàjẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìlúpéjú. Múṣin àti Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù May ọdún 1967. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn náà ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà àti ní Ìlúpéjú. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá wà, ọkọ̀ akẹ́rù kò ní í ṣàìsí. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì pọ̀ sí, atúnṣe yóò péjú síbẹ̀. Bí orúkọ ibẹ̀ ti ń ró létí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: onírúurú ènìyàn péjú, Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó àti àwọn mìíràn, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe kì í fọwọ́ kan wáyà iná. Ti rìwáyà ni. Ẹni tí ń na páànù kì í lẹ táyà. Ti fọkanáísà ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Òfin lè yí padà lóru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n irin kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní òsì bẹ̀rẹ̀ sí já èrò sí àárín ọ̀nà. Iná iwájú tí a ti ṣe kí ó tẹ̀ sí òsì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ẹni tí ń bọ̀ lójú. Ọwọ́ ta ni àtúnṣe náà já sí? Ọwọ́ àwọn tí ń gé páànù, tí ń jó irin pọ̀, tí ń yí iná padà.

Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, àti Peugeot ní Kàdúná. Lẹ́yìn náà ni ti Leyland ní Ìbàdàn àti ti Mercedes ní Enugu, tí wọ́n ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ tuntun kì yóò wọ́n wa mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù September ọdún 1986, nígbà tí ìjọba tú owó wa sílẹ̀ fún ọjà, náírà já wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́wàá náà, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Kí ọdún 1986 tó parí, ó ti ju náírà mẹ́ta lọ kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Kútọnu, a sì sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀, orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé wálé. Ọjà Ládìpọ̀, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kún, ó sì lókìkí. Àwọn tí a ń pè ní onídọ̀tí ni ó mú kí orílẹ̀-èdè yìí máa rìn ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ já.

Ìyìn ni mo ti ń yìn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn ènìyàn a máa sọ òtítọ́ fún un. Ní ọjọ́ kan ní agbègbè yìí, mo dúró ti ọmọ iṣẹ́ kan tí ń tún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ṣe. Ọmọ náà gbọ́n; ó fi etí lásán mọ ibi tí ẹ̀ńjìnnì ti ń dùn ún, bí dókítà ti ń mọ àìsàn. Nígbà tí ó tó láti kún inú bíréèkì, tí í ṣe ìjánu ọkọ̀, ó nawọ́ mú ike tí ó sún mọ́ ọn. Mo ka ara ike náà: ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì ni. Mo sọ fún un. Ó wo ike náà, ó wo ojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú, nítorí kò lè kà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Ọkọ̀ náà ìbá jáde ní Ìlúpéjú láìsí wàhálà, ìbá sì di ọjọ́ mìíràn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, kí awakọ̀ tó tẹ ìjánu tí ìjánu kò sì dá a lóhùn.

Ohun tí ìjánu tí ó kọ̀ lè ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù June ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí a sọ pé bíréèkì rẹ̀ kọ̀ dànù nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Iná sọ. Ènìyàn tí ó kú kò dín ní mẹ́sàn-án, ọkọ̀ tí ó jóná sì ju àádọ́ta lọ. Èmi kò sọ pé ọmọ iṣẹ́ kan ni ó fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí so mọ́ ohun kékeré tí ọwọ́ kan ṣe, tàbí tí kò ṣe, nínú ilé iṣẹ́ kan.

Nísinsin yìí ni mo padà bá ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Láti Ẹ̀bùté Mẹ́tà ni a ti mọ̀ pé ojú nìkan kò tó. A ní láti wọ̀n, a sì ní láti kọ. Mọ́tò ayé Dáwódù, etí àti ọwọ́ tó fún púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, tí ń pín epo fún ẹ̀ńjìnnì, tí ó sì ń fi àmì àti nọ́ńbà sọ ibi tí ń dùn ún. Ẹni tí kò lè kàwé kò lè gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka àmì náà tí kò sì tíì fọ irin rí, òun náà mọ orúkọ àìsàn lásán, kò mọ ìwòsàn rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, ibi kan wà tí a ń pè ní Suame Magazine, tí àwọn atúnṣe ọkọ̀ pọ̀ sí bí eṣú. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìlú náà kò dúró kí àwọn oníṣẹ́ wá bá òun. Ó lọ dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ láàrin wọn, ó kó ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin síbẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fúnra wọn. Àwa náà kò jìnnà sí irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní Yábàá ni a dá Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga sílẹ̀ ní ọdún 1932, ibẹ̀ náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó tẹ̀lé e wà títí di òní. Láti Yábàá dé Ìlúpéjú, ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn ín ní òwúrọ̀ kan. Ohun tí ó jìnnà ni èrò ọkàn wa, tí ń sọ pé ẹni tí ó bá kùnà nínú ìwé ni kí ó lọ kọ́ mọ́tò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lọ́kàn yín. Wákàtí méjì ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé lè mú kí ó mọ ọ́ìlì kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹ bá tún gba Ládìpọ̀ kọjá, ẹ má kàn ká aṣọ yín sókè kí ẹ sì sáré lọ. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ kí ọ̀gá tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì bi í léèrè bí omi ti ń yí nínú ẹ̀ńjìnnì. Yóò sọ fún yín, nítorí inú oníṣẹ́ a máa dùn láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ní ike kan lọ́wọ́, ẹ bá a ka ohun tí a kọ sí i lára.